Ta Ni Yóò Bá Ìyá Ọmọ Gbọ́mọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ níbi ìpàdé ẹbí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìyàwó, tí kì í bá mi lára mu rárá. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, ilé ni obìnrin ń jókòó sí, ọ̀làjú ló gbé e lọ sẹ́nu iṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ilé fi ń tú. Ẹ̀gbá ni mí, ọmọ Abẹ́òkúta. N kò mọ obìnrin kan ṣoṣo nínú ìdílé wa tó jókòó sílé rí. Ìyá tó bí ìyá mi ṣiṣẹ́, ìyá mi ṣiṣẹ́, èmi náà ṣiṣẹ́, ọmọ mi obìnrin sì wà lẹ́nu iṣẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan yí padà láàárín wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ènìyàn ń wò kọ́ ló ti yí. Mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, nítorí àwọn ọmọ wa ń wọ ilé ọkọ, wọ́n ń gbé ìyàwó wálé, lórí ìtàn tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Aláró ni Ìyá Àgbà, ní Ìtòkú. Nígbà tí mo gbọ́njú, ó ti dàgbà, àmọ́ kò tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ kùtù ni yóò ti jókòó, aṣọ funfun á wà lórí pákó níwájú rẹ̀, abọ́ ẹ̀kọ láfún á wà lápá ọ̀tún, ìyẹ́ adìyẹ ni yóò sì fi máa ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ náà. Kò sí ìwé tó ń wò. Bó bá ti pín aṣọ sí ojú-ilé ojú-ilé, ọwọ́ rẹ̀ á kàn máa lọ ni, ọnà Ìbàdàndún lónìí, ọnà Olókun lọ́la. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ tán, wọ́n á rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró, wọ́n á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ lù ú, wọ́n á tún dá a padà, títí yóò fi dú bí wọ́n ṣe ń fẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní gba aró. Nígbà tí wọ́n bá wá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà á yọ. Èékánná rẹ̀ kò mọ́ títí ó fi kú, aró ti wọ̀ ọ́ lára.

Agbo ilé ńlá ni wọ́n ń gbé, ìyáalé wà, àwọn orogún wà, ìyá ọkọ wà, àwọn àbúrò ọkọ kò lóǹkà. Bàbá Àgbà ń mú iṣu wá láti oko, òun ló ni òrùlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó Ìyá Àgbà ti Ìyá Àgbà ni. Ó ń dá èèsú, ó ní àpótí tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò mọ iye tó wà níbẹ̀, kò sì béèrè. Ó máa ń gbé àdìrẹ lọ sí Accra àti Kumasi kí ìjọba Gánà tó ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kó kúrò ní 1969. Á lọ, á pẹ́, á sì padà dé pẹ̀lú ẹrù míì. Nígbà tí mo bi í léèrè pé ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ, ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà ò yé e. Ìyáalé rẹ̀ ni, ìyá ọkọ rẹ̀ ni, àwọn ọmọ tó ti tójú bọ́ nínú ilé ni. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Fún Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe. Bí wọ́n ṣe ń gbé lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ẹ má rò pé mo ń yin ayé ìgbà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ o. Ọmọ jòjòló tó bá ti wà nínú ilé kí Ìyá Àgbà tó wọlé ọkọ, "ọkọ mi" ni Ìyá Àgbà ń pè é, kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń gbálẹ̀. Ó sin ọmọ, kò sì fẹ́ ká máa bi òun léèrè nípa wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n fẹ́ ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ. Ó kọ̀. Ó ní òun lówó tí òun fi lè bọ́ ọmọ òun, ẹnu wọn sì wọhò. Ẹ jẹ́ ká ronú sí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Kì í ṣe pé àṣà fún un láyè láti kọ̀. Ilé aró ló fún un láyè.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1947, ó wà lára àwọn obìnrin tó lọ jókòó sí ààfin Aláké ní Aké, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta kó jọ. Lábẹ́ ìjọba òyìnbó, obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọkọ ń san tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 15 ti wọ inú ìwé agbowó-orí. Wọn kò sì ní ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Àwọn obìnrin náà ò sinmi títí wọ́n fi dá owó orí wọn dúró, tí Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ìlú sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Nígbà tí mo wà níléèwé gíga, tí orí mi kún fún ẹ̀tọ́ obìnrin, mo bi Ìyá Àgbà pé, "Ìyá, lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ti ààfin dé, ṣé ẹ kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún Bàbá?"

Ó ní, "Kí ló dé tí n kò ní kúnlẹ̀? Ọba ló gba owó mi. Ọkọ mi ò gba owó mi."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí, n kò tíì gbọ́ èyí tó kọjá ìyẹn. Ìkúnlẹ̀ kò mú ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá mú nǹkan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá jà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í bá ẹnikẹ́ni ja ìjà ìkúnlẹ̀ títí dòní. Mo kọ́ ọmọ mi obìnrin láti kúnlẹ̀, mo kọ́ ọmọ mi ọkùnrin láti dọ̀bálẹ̀, mo sì kọ́ àwọn méjèèjì láti se ọbẹ̀.

Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ iléèwé ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Láìsí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ni ì bá lọ, torí pé owó iléèwé ọmọ méjì ni Ìyá Àgbà ti ń san nígbà náà, ó sì nílò ọmọbìnrin tí yóò máa pọn omi sílé aró. Ó jẹ́ kó lọ, ó gba ẹlòmíràn sọ́dọ̀. Ìyá mi kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó gba ìwé ẹ̀rí Grade Two, ó di tíṣà, ó ṣe ìgbéyàwó òrùka ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo ìlú ló ń bá Ìyá Àgbà yọ̀.

Ìjọba gbé bàbá mi lọ sí Ìbàdàn, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Ilé ìjọba ni wọ́n fún wa, yàrá méjì, òdòdó wà níwájú ilé. Ilé náà dára. Ìyáalé kò sí níbẹ̀, ìyá ọkọ kò sí níbẹ̀, kò sí orogún tí yóò sọ pé gbé ọmọ yẹn fún mi, lọ sùn. Ìyá mi á dé láti iléèwé pẹ̀lú òkìtì ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí yóò máàkì, yóò gbé ìkòkò kaná, yóò wẹ̀ wá, yóò lọ aṣọ bàbá mi. Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Kò gbé ọwọ́ sókè sí ìyá mi rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé láti ọ́fíìsì, ìwé ìròyìn ló kàn, nítorí bí bàbá tirẹ̀ náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tí kò rò ni pé bàbá rẹ̀ fi ìyàwó sílẹ̀ sí àárín ogún ènìyàn, òun fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan.

Kì í ṣe òun nìkan gan-an, ó yẹ kí n sọ òótọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà lọ́dọ̀ wa. Òun ló pọ̀n mí. Òun ló ń tan àdìrò, òun ló ń lọ ata, òun ló máa ń dúró ti àbúrò mi nígbà tí ara rẹ̀ bá ń gbóná tí ìyá mi gbọ́dọ̀ dé iléèwé ní aago méje àbọ̀. Ìwé tirẹ̀ kò lọ jìnnà. Ìyá mi rán an lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ nígbà tó yá, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, ó sì ṣe dáadáa, àmọ́ ìgbà ìwé ti kọjá. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń ka àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ di tíṣà, tó kọ́kọ́ di nọ́ọ̀sì, tó kọ́kọ́ di akọ̀wé àgbà, ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó pọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn àwọn ọmọ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti dàgbà, a kì í sì í dárúkọ wọn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990 tí n kò lè gbàgbé. Ìyá mi fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kí àbúrò rẹ̀. Níbi tó ti lọ gba ìwé ìrìnnà, wọ́n ní kó lọ mú lẹ́tà wá lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ pé ó gbà kó lọ. Obìnrin tó ti ń gba owó oṣù bọ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Bàbá mi kọ lẹ́tà náà láìjanpata, ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò sì tún sọ ọ́ mọ́ nínú ilé. Ìyá Àgbà ni kò lè gbé e mì. Ó ń tún un béèrè pé, "Lẹ́tà kí ni?" Òun tó gbé ẹrù lọ Kumasi tó sì gbé e bọ̀, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, kò gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó di ọdún 2009 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt tó dájọ́ pé àṣà bíbéèrè lẹ́tà ọkọ yẹn lòdì sí òfin. Mo fẹ́ kí àwọn tó rò pé iwájú ni obìnrin ń lọ láti ìran dé ìran ro ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí. Nínú nǹkan míì, ìyá mi lọ síwájú. Nínú èyí, ẹ̀yìn ló lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé. Àwọn òbí mi jọ kọ́ ilé sí Abẹ́òkúta. Owó kọ́ọ̀pù ìyá mi ló ra páànù, owó oṣù rẹ̀ ló san káfíńtà. Orúkọ bàbá mi nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí pe ìpàdé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa pínpín ogún ní ìdí igi, ìyẹn ni pé ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní ìpín kan, torí pé bàbá mi ní ọmọ kan níta. Ẹni tó bá mọ àṣà wa mọ̀ pé ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàápàá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1957. Àwa ọmọ, àti ọkùnrin àti obìnrin, kò sí ẹni tó lè yọ wá sílẹ̀, nítorí láti 1924 ni ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọbìnrin Yorùbá ní ìpín nínú ogún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tó ra páànù? Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀, nítorí ìgbéyàwó abẹ́ òfin fún opó ní ìpín tirẹ̀. Bí kò bá sí ìwé yẹn, n kò mọ ibi tí ì bá sùn. Mo wá rántí pé Ìyá Àgbà kò ní ìwé ìgbéyàwó kankan, síbẹ̀ òun ló ni ilẹ̀ tí ilé aró wà, ó rà á lórúkọ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọmọbìnrin tó bá wá sọ́dọ̀ mi fún ọ̀rọ̀ ìyànjú kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ràn owó jù. N kò bá wọn jiyàn.

Ìgbà tó kan mí, Èkó ni mo wà. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìyànà-Ìpájà ni a ń gbé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé bí o kò bá jáde ní aago márùn-ún ìdájí, o ti pẹ́. Mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ 12 tí òfin iṣẹ́ sọ, wọ́n sì san ìdajì owó oṣù mi, torí ìdajì ni òfin sọ pé kò gbọdọ̀ dín sí. Ìyá mi ò lè wá jókòó tì mí, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ti di ọ̀gá iléèwé. Ìyá ọkọ mi wá, ó tọ́jú mi dáadáa, àmọ́ ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣágámù, ó sì ní láti padà sídìí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyí. Láyé Ìyá Àgbà, bí ìyá ọmọ bá lọ sọ́jà, ẹlòmíràn wà nílé. Láyé tèmi, gbogbo obìnrin tí ì bá bá mi gbọ́mọ ló ní ibi iṣẹ́ tó ń lọ. Mo sì ti pinnu pé n kò ní mú ọmọ ẹnikẹ́ni kúrò níléèwé nítorí tèmi.

Ó wá ku bàbá ọmọ. Ìkẹjà ni iṣẹ́ tirẹ̀, aago mẹ́sàn-án ló ń wọlé. A jókòó, a sọ ọ́. Òun ni yóò máa wẹ ọmọ láàárọ̀, òun ni yóò máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń báni tọ́jú ọmọ ládùúgbò, èmi ni yóò máa gbé e bọ̀. Ó ṣe é, kò sì dùn mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀, kò purọ́ fún mi pé ó dùn.

Ìyá ọkọ mi bẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kan, ó jí láàárọ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ náà, kàǹkàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtẹ́dìí tó ti fọ̀ wà lórí okùn. Èmi ti jáde, ọkọ mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà ti wá di ìyá ọmọ ni?" Ó ní, "Màámi, ta ni ẹ fẹ́ kó wẹ̀ ẹ́? Ìyá rẹ̀ ti wà lórí afárá Third Mainland báyìí." Ìyá kò sọ nǹkankan mọ́.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo délé. Ní alẹ́, ìyá pè mí wọ yàrá, mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, nígbà tí mo bí ọkọ rẹ, ìyáalé mi ló ń wẹ̀ ẹ́. Èmi ò wẹ̀ ẹ́ fún bí oṣù mẹ́fà. Ìyáalé ò sí nínú ilé tìrẹ. Jẹ́ kó máa wẹ̀ ẹ́."

Obìnrin tí kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún mi ní gbólóhùn mélòó kan. Ọkùnrin tó ń wẹ ọmọ kò gba iṣẹ́ obìnrin. Ipò ìyáalé tó ṣófo nínú ilé ló dí. Àwa la kó kúrò ní agbo ilé, a ní a kò fẹ́ orogún, a fẹ́ yàrá tiwa. Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà ò fẹ́ orogún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn yẹn ń ṣe kò bá wọn kúrò. Ó tẹ̀ lé wa wọ inú yàrá méjì, ẹnì méjì péré ló sì wà níbẹ̀. Ìjọba pàápàá ti ń rí i díẹ̀díẹ̀. Ní 2014, Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá bímọ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà, ó sì fún bàbá ọmọ náà ní ọjọ́ mẹ́wàá, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ó dùn mọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkókó tèmi ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà.

Ìkókó yẹn ti di nọ́ọ̀sì ní Manchester. Wákàtí 12 àbọ̀ ló ń fi dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójúmọ́. Ọkọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ìyàwó ni ìwé ìwọ̀lú wà lórí iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ tẹ̀ lé e lọ. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, owó ìyàwó sì ju tirẹ̀ lọ. Owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ láti báni tọ́jú ọmọ kékeré ń sún mọ́ owó ilé. Nígbà tí mo lọ bá wọn tọ́mọ, mo rí ohun tó ká mi lára. Ọkọ ọmọ mi ló ń se oúnjẹ, ó mọ ọ́n sè, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rẹ̀ dára ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá pè láti ilé pẹ̀lú fídíò, kíá ló máa gbé fóònù kúrò ní kíṣìnnì, á sáré lọ jókòó ní pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọbẹ̀ á máa jó lẹ́yìn rẹ̀. Mo wò ó, mo wò ó. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ọmọ mi, má gbé e kúrò mọ́. Jẹ́ kí ìyá rẹ rí ọ. Òun ló bí ọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní kó ìtìjú bá a." Ó rẹ́rìn-ín, kò dá mi lóhùn. Mo gbà pé ó ṣòro fún un. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé èèyàn lè jẹ́ ọkọ, kí ó jẹ́ ọmọlúàbí, kí owó rẹ̀ má sì tó ti ìyàwó. Èyí tí àwa ìyá ọlọ́mọkùnrin gbọ́dọ̀ dáhùn fún nìyẹn. A kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa fún ayé tó ń bọ̀, a kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa fún ayé bàbá wọn, lẹ́yìn náà a ní kí wọ́n lọ fẹ́ra.

Ọmọ mi obìnrin náà ní ohun tí mo sọ fún un. Owó tó ju ti ọkọ lọ kì í ṣe kóńdó. Bí ọkọ bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé tó sì tún gbé ọmọ, ẹ kí i. Ìyá Àgbà ń kí ìyáalé rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún irú iṣẹ́ yẹn gan-an.

Wọ́n ti ń retí ọmọ kejì báyìí. Ó pè mí pé, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Mo ti fiṣẹ́ ìjókòó sílẹ̀, mo ti padà sídìí àdìrẹ, mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo ń kọ́ ní Abẹ́òkúta, ọjà ìparí ọdún sì ti wọlé. Mo sọ fún un pé n kò ní lè wá lásìkò yìí. Bàbá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbọ́ wa láti pálọ̀. Ó ní, "Èmi á lọ." Àbúrò ọkọ mi pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ń fọgbọ́n wádìí bóyá ìjà wà láàárín wa. Mo ní kò sí ìjà kankan, bàbá ló ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní físà oṣù mẹ́fà. Òrí ni a ń wá kiri báyìí, ó ní òrí ilé ni òun máa fi ra ọmọ náà lára, pé ìpara inú ìgò tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.